Ìhà Wo Ni Òkè Òṣùpá?

Ọgbọ́n kékeré kan wà tí àwọn olùkọ́ ilẹ̀ Faransé fi ń kọ́ ọmọdé bí yóò ṣe mọ̀ bóyá òṣùpá ń dàgbà ni tàbí ó ń joro. Bí òṣùpá bá di ìlàjì, wọ́n ní kí ọmọ fi ojú inú fa ìlà tọ etí rẹ̀ tó tẹ́jú, kí ó sì fà á gùn díẹ̀. Bí àwòrán náà bá jọ lẹ́tà p, premier quartier ni, ìyẹn ìlàjì àkọ́kọ́, òṣùpá ṣì ń dàgbà. Bí ó bá jọ lẹ́tà d, dernier quartier ni, ìlàjì ìkẹyìn, òṣùpá ti ń joro lọ. Ní Paris, ọgbọ́n yìí kì í tàsé lọ́dún yípo. Ẹ wá gbé e wá sí ìlú Ṣábẹ, tí àwòrán ilẹ̀ ń pè ní Savè, ní ẹkùn Collines lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, kí ẹ dán an wò ní ìrọ̀lẹ́ nínú oṣù Kẹta: òṣùpá tó ṣì ń dàgbà yóò kọ d gàdàgbà sójú ọ̀run. Tó bá di oṣù Kẹsàn-án, òṣùpá ìlàjì àkọ́kọ́ yóò tún padà kọ p gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ṣe wí. Ẹni tó bá rí èyí lè sọ pé òṣùpá ló ń ṣe màgòmágó, tàbí pé olùkọ́ ló parọ́. Méjèèjì kọ́. Òṣùpá kò ní òkè tàbí ìsàlẹ̀ tirẹ̀, kò ní ọ̀tún tàbí òsì. Ilẹ̀ tí ẹni tó ń wò ó dúró lé ló ń yá a ní gbogbo wọn. Ṣábẹ sì wà lára àwọn ìlú tí ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí ti rọrùn láti rí, lọ́nà tí Paris àti Cape Town ní gúúsù Áfíríkà kò lè gbà fi hàn.

Ibi tí ìlú náà wà ló fà á. Àárín àwọn òkè àpáta gíránáìtì tó yọ gọngọ lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni àwọn Yorùbá Ṣábẹ tẹ̀dó sí, ní nǹkan bí dígírì 8 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Ní ti ìlà òòró, èyí tí a fi ń mọ bí ibì kan ṣe jìnnà sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn tó, Ṣábẹ wà ní dígírì 2.49, Paris sì wà ní dígírì 2.35. Ìyàtọ̀ àárín wọn kò tó ìdá kan nínú márùn-ún dígírì kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan bí kìlómítà 4,500 ló wà láàárín ìlú méjèèjì láti gúúsù dé àríwá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí òṣùpá bá gun ọ̀run dé góńgó lójú ará Ṣábẹ, kò ní tó ìṣẹ́jú kan sí àkókò tó dé góńgó lójú ará Paris. Ní ìgbà òtútù ilẹ̀ Yúróòpù pàápàá, aago wọn bára mu. Nítorí náà, bí àwọn méjì bá wo òṣùpá lẹ́ẹ̀kan náà láti ìlú méjèèjì, tí àwòrán tí wọ́n rí kò sì dọ́gba, a kò lè di ẹ̀bi ru àkókò. A kò lè sọ pé oòrùn ti tàn sí i lọ́nà mìíràn láàárín wákàtí díẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó yàtọ̀ ni bí ẹnì kan ṣe jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé ju ẹnì kejì lọ.

Kí la tilẹ̀ ń pè ní òkè? Agbára òòfà ilẹ̀ ń fa gbogbo wa sí àárín gbùngbùn ayé, ibi tí ó ń fà wá sí la ń pè ní ìsàlẹ̀, òdìkejì rẹ̀ sì ni òkè. Ṣùgbọ́n ayé rí roboto, nítorí náà òkè ará Paris kọjú síbì kan, òkè ará Ṣábẹ kọjú síbòmíràn, nǹkan bí dígírì 41 ló sì wà láàárín méjèèjì. Ti ará Paris àti ará Cape Town lé ní dígírì 80, ó kù díẹ̀ kí ọ̀kan dábùú èkejì. Bí àwọn méjì bá jókòó ti ọpọ́n ayò, ihò tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ẹnì kan ló wà lọ́wọ́ òsì ẹnì kejì, kò sì sẹ́ni tó yí ọpọ́n padà. Òṣùpá ni ọpọ́n náà, ó sì jìnnà sí wa tó nǹkan bí kìlómítà 384,400, ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ojú kan náà ni gbogbo wa ń rí lára rẹ̀, bó ti wù kí ìjókòó wa yàtọ̀ tó.

Ẹ wo òṣùpá àrànmọ́jú tó wáyé ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2024. Nínú oṣù Kejìlá, oòrùn ti lọ sí gúúsù jìnnà, òṣùpá àrànmọ́jú sì gbọ́dọ̀ wà ní òdìkejì oòrùn, nítorí náà àríwá ló ń lọ. Lọ́dún yẹn, ó lọ tó nǹkan bí dígírì 28. Ìlú kan tó ń jẹ́ In Salah wà ní aṣálẹ̀ Sàhárà lórílẹ̀-èdè Algeria, lórí ìlà òòró kan náà pẹ̀lú Ṣábẹ gan-an, ní dígírì 27 sí àríwá. Àwọn ará ibẹ̀ ní láti gbé orí sókè pátá kí wọ́n tó rí òṣùpá náà láàárín òru. Ará Paris, tó wà lókè wọn lórí àwòrán ilẹ̀, kọjú sí gúúsù láti wò ó, ó sì rí i ní nǹkan bí dígírì 20 sí òkè orí rẹ̀. Ará Ṣábẹ, tó wà nísàlẹ̀ wọn, kọjú sí àríwá, òun náà rí i ní nǹkan bí dígírì 20 sí òkè orí tirẹ̀. Àwọn méjèèjì dojú kọra, òṣùpá wà láàárín wọn. Kòtò ńlá tí wọ́n ń pè ní Tycho, tó fẹ̀ tó kìlómítà 85, tí ìtànṣán funfun sì yọ láti ara rẹ̀ káàkiri, wà ní apá gúúsù òṣùpá. Lójú ará Paris, ìsàlẹ̀ ni Tycho wà ní òru yẹn. Lójú ará Ṣábẹ, òkè ló wà, bí ará Cape Town ṣe ń rí i nígbà gbogbo. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 2025, òṣùpá àrànmọ́jú ti fi àríwá sílẹ̀, ó ti lọ sí gúúsù tó nǹkan bí dígírì 28. Ará Ṣábẹ àti ará Paris jọ kọjú sí gúúsù ni, àwòrán wọn sì bára mu: Tycho wà nísàlẹ̀ lójú àwọn méjèèjì, àfi pé ti Paris kò jìnnà sórí ilẹ̀ rárá, nígbà tí ti Ṣábẹ ga dáadáa. Ìlú kan náà, òṣùpá kan náà, oṣù mẹ́fà péré, ó ti wo òṣùpá bí ará gúúsù, ó sì ti wò ó bí ará àríwá.

A kò tilẹ̀ nílò oṣù mẹ́fà. Láàárín òru kan ṣoṣo, ẹni tó bá ní sùúrù ní Ṣábẹ yóò rí i pé òṣùpá ń yí. Ẹ mú àmì kan mọ́ Tycho: àbàwọ́n dúdú roboto kan wà ní etí òṣùpá, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mare Crisium. Òkun ni àwọn ará àtijọ́ pe irú àbàwọ́n bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ títẹ́jú ni, tí àpáta yíyọ́ láti inú òṣùpá ti ṣàn bò, tó sì dì síbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí òṣùpá àrànmọ́jú bá ń yọ ní ìlà-oòrùn Ṣábẹ, Mare Crisium ló máa ń ṣíwájú, òkè ló wà, Tycho sì wà lápá ọ̀tún. Nígbà tí ó bá ń wọ̀ ní ìdájí, Mare Crisium náà ni yóò kọ́kọ́ wọlẹ̀, ó ti di ìsàlẹ̀, Tycho sì ti bọ́ sí òsì. Òṣùpá ti yí tó nǹkan bí ìlàjì òbírí láàárín òru kan. Ní òru tí ó bá gba gúúsù kọjá, bí ọwọ́ aago ṣe ń yí ló ń yí. Bí ó bá gba àríwá kọjá, òdìkejì ni. Ní Paris, yíyí rẹ̀ láti ìyọjú dé wíwọ̀ kò ju nǹkan bí dígírì 60 sí 80 lọ, nítorí náà ará ibẹ̀ lè dàgbà kí ó darúgbó láìfura sí i. Èyí ló mú kí ó rọrùn fún wọn láti gbà pé òṣùpá ní ojú kan tó dúró ṣánṣán, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wa.

Oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn ketekete jù lọ, nítorí kò nílò àmì kankan lójú òṣùpá. Apá tó ń tàn lára òṣùpá kọjú sí oòrùn nígbà gbogbo. Ní ìrọ̀lẹ́, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ tán, ó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn. Ní Paris, ipa ọ̀nà tí oòrùn àti òṣùpá ń tọ̀ máa ń dà sí ẹ̀gbẹ́ kí ó tó wọlẹ̀, nítorí náà ọ̀tún ni ìmọ́lẹ̀ oṣù tuntun sábà máa ń wà, ìwo rẹ̀ méjèèjì a sì kọjú sí òsì. Ní Cape Town, òsì ni ìmọ́lẹ̀ ń wà. Ní Ṣábẹ, ipa ọ̀nà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán lórí ilẹ̀, oòrùn wà lábẹ́ òṣùpá, òṣùpá sì fẹ̀yìn lélẹ̀, ìwo rẹ̀ méjèèjì kọjú sókè. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ní ìwọ̀n kan náà lọ́dún yípo. Nínú oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń tẹ̀ díẹ̀ sí òsì, bíi ti gúúsù ayé. Nínú oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá, ó máa ń tẹ̀ sí ọ̀tún, bíi ti Yúróòpù. Ìgbà tí ó ń sùn gbalaja jù ni nǹkan bí àárín oṣù Kìn-ín-ní àti ìparí oṣù Karùn-ún. Àwọn ilẹ̀ kan wà tí wọ́n ti ń sọ pé òṣùpá tó fẹ̀yìn lélẹ̀ gbé omi dání, òjò sì ń bọ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, òjò ìbá máa rọ̀ ní Ṣábẹ nínú oṣù Kìn-ín-ní, nígbà tí ọyẹ́ ń gbẹ ètè ènìyàn, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń rọ̀ ní ìparí oṣù Karùn-ún.

Àwọn Mùsùlùmí ìlú náà tó ń wá oṣù ní ìrọ̀lẹ́ kí ààwẹ̀ Rámádánì tó bẹ̀rẹ̀ mọ ibi tí wọ́n máa ń wò, wọ́n sì mọ bó ṣe ń rí. Ohun tí wọ́n ń rí lójú ọ̀run kò jọ oṣù tó wà lára àsíá Turkey, tó dúró lóòró tí ìwo rẹ̀ kọjú sí ọ̀tún. Ó jọ ti àsíá Mauritania jù, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní ọdún 1959, tí wọ́n sì fi ìlà pupa méjì kún ní ọdún 2017: oṣù aláwọ̀ wúrà tó fẹ̀yìn lélẹ̀, ìràwọ̀ kan lókè rẹ̀. (Oṣù àsíá Turkey pàápàá, bí a bá fi ojú ọ̀run Istanbul wò ó, òṣùpá tó ń joro ni, ìdájí ni ibẹ̀ ti ń rí i.)

Ó tó àkókò láti padà sí p àti d. Nínú oṣù Kẹta, oòrùn wà lórí ìlà agbedeméjì ayé, òṣùpá ìlàjì àkọ́kọ́ sì fi ìdá mẹ́rin òbírí ṣíwájú rẹ̀, ní apá ọ̀run tó lọ sí àríwá jù. Nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, ó ti kọjá òkè orí ará Ṣábẹ sí àríwá. Ẹni tó bá kọjú sí àríwá, òsì rẹ̀ ni ìwọ̀-oòrùn wà. Ibẹ̀ ni oòrùn wọ̀ sí, ibẹ̀ náà sì ni ìmọ́lẹ̀ òṣùpá kọjú sí. Ìmọ́lẹ̀ lósì, etí títẹ́jú lọ́tùn-ún: d. Nínú oṣù Kẹsàn-án, òṣùpá ìlàjì àkọ́kọ́ wà ní gúúsù, ẹni tó kọjú sí i ní ìwọ̀-oòrùn lọ́tùn-ún, p sì padà. Ní gbogbogbòò, láti nǹkan bí àárín oṣù Kìn-ín-ní títí dé ìparí oṣù Karùn-ún ni òfin àwọn Faransé kì í ṣiṣẹ́ fún ìlàjì àkọ́kọ́ ní Ṣábẹ. Ìlàjì ìkẹyìn ní ìgbà tirẹ̀ tí òun náà máa ń purọ́ ní ìdájí, láti nǹkan bí oṣù Keje dé oṣù Kọkànlá. Ẹnì kan lè jiyàn pé bí òun bá kọjú sí gúúsù, tí òun tẹ orí sẹ́yìn títí òun fi rí òṣùpá tó wà ní àríwá, p náà lòun yóò rí. Òótọ́ ni. Bó bá sì tẹ́ ẹní sílẹ̀, tó dùbúlẹ̀ gbọọrọ, ìhà tó bá gbé orí sí ni yóò sọ lẹ́tà tó máa rí. Àtakò yìí kò ba ọ̀rọ̀ mi jẹ́, ó tún ràn án lọ́wọ́ ni: ara ènìyàn ló ń kọ lẹ́tà náà. Òfin tí kì í tàsé níbi gbogbo kò lẹ́tà nínú rárá. Òṣùpá tó ń tàn ní ìrọ̀lẹ́, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ń dàgbà. Èyí tó kù lójú ọ̀run ní ìdájí, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kọjú sí ìlà-oòrùn, ń joro. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹnikẹ́ni ṣì ń kọ́ ọmọ ilẹ̀ olóoru ní ti p àti d.

Ìbéèrè kan tó lágbára ju ìyẹn lọ ni pé, ṣé kì í ṣe pé àwọn ará gúúsù ń rí apá òṣùpá tí àwa kò rí? Rárá o. Òṣùpá máa ń yí lórí ara rẹ̀ ní ìwọ̀n ìgbà kan náà tó fi ń yí ayé po, nítorí náà ojú kan ló ń kọ sí wa. Ẹ̀yìn rẹ̀, kò sí ọmọ ènìyàn tó rí i títí di oṣù Kẹwàá ọdún 1959, nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú Luna 3 ti Soviet ya àwòrán rẹ̀. Òótọ́ ni pé ẹni tó wà ní òpin àríwá ayé lè yọjú wo etí òṣùpá díẹ̀ lápá àríwá ju ẹni tó wà ní òpin gúúsù lọ, ṣùgbọ́n fífẹ̀ ayé jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 12,700 péré, bí a bá sì fi ọ̀nà jíjìn òṣùpá pín in, ìyàtọ̀ náà kò pé dígírì 2. Ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n. Bákan náà ni ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀: bí ìdá kan nínú mẹ́rin òṣùpá bá ń tàn lójú ará Ṣábẹ, ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń tàn lójú ará Paris àti Cape Town nígbà kan náà, torí pé oòrùn tó ń tàn sí i jìnnà tó nǹkan bí mílíọ̀nù kìlómítà 150, kò sì bìkítà fún ibi tí a dúró.

Àtijọ́ ni ìyàtọ̀ tí ibi tí ènìyàn dúró sí ń fà ti ń da ọlọ́gbọ́n láàmú. Herodotus, òpìtàn ọmọ Gíríìkì ní ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Jésù, kọ ọ́ pé Fáráò Neko ti Íjíbítì rán àwọn atukọ̀ Fòníṣíà láti yí Áfíríkà po. Àwọn atukọ̀ náà sọ pé nígbà tí àwọn ń tukọ̀ yí Áfíríkà ká, ọwọ́ ọ̀tún ni oòrùn wà sí àwọn. Herodotus ní òun ò gbà. Ní Gíríìsì, ẹni tó bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ní ọ̀sán gangan, bíi ti ọkọ̀ tó ń yí ìsàlẹ̀ Áfíríkà po, ọwọ́ òsì rẹ̀ ni oòrùn máa wà. Ohun tí kò gbà yẹn gan-an ni àwọn òpìtàn òde òní fi ń sọ pé ó ṣeé ṣe kí ìrìn àjò náà ti wáyé lóòótọ́. Ará Ṣábẹ kò nílò ọkọ̀ ojú omi láti dá ẹjọ́ yìí. Láti nǹkan bí ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, oòrùn ọ̀sán gangan wà ní àríwá ìlú náà, òjìji igi tí a rì mọ́lẹ̀ a sì na ọwọ́ sí gúúsù. Nínú oṣù tó kù, àríwá ló ń nà án sí. Ní Paris, kò sọ́jọ́ kan tí òjìji ọ̀sán gangan máa kọjú sí gúúsù. Ohun tí oòrùn ń ṣe láàárín ọdún kan ni òṣùpá ń ṣe láàárín ọjọ́ 27 àti wákàtí díẹ̀: ó ń lo bí ọjọ́ 10 tàbí 11 ní àríwá òkè orí ará Ṣábẹ, ó sì ń lo ìyókù ní gúúsù.

A lè wá sọ pé àwòrán tó gbé àríwá òṣùpá sókè ló tọ̀nà, torí òun ni àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ń lò. Ìtàn wọn kò gbè é lẹ́sẹ̀. Awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀run máa ń dorí ohun tí a ń wò kodò, nítorí náà fún ìgbà pípẹ́ ni ọ̀pọ̀ àwòrán ilẹ̀ òṣùpá tí wọ́n tẹ̀ ní Yúróòpù fi gbé gúúsù sókè, Tycho wà lókè téńté. Ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn òṣùpá pàápàá, ibi tí wọ́n wà lójú ọ̀run wa ni wọ́n fi ń pè wọ́n. Ọdún 1961, nígbà tí ènìyàn ti ń múra láti lọ síbẹ̀, ni ẹgbẹ́ onímọ̀ ìràwọ̀ àgbáyé, IAU, pinnu pé kí ìlà-oòrùn òṣùpá jẹ́ ibi tí ẹni tó bá dúró lórí òṣùpá yóò ti rí oòrùn tó ń yọ. Ìpinnu ìpàdé ni èyí, ó wúlò, ó sì mú iṣẹ́ rọrùn, àmọ́ òṣùpá kọ́ ló sọ ọ́ fún wọn.

Gbogbo èyí kò ní wà bákan náà fún gbogbo ìlú lọ́jọ́ iwájú. Ipa ọ̀nà òṣùpá dà díẹ̀ sí ti oòrùn, ní nǹkan bí dígírì 5, ìdà náà sì ń yí kiri láàárín ọdún 18 àti oṣù díẹ̀. Ní ọdún 2024 àti 2025, ó jẹ́ kí òṣùpá dé nǹkan bí dígírì 28.5 sí àríwá àti sí gúúsù. Títí di ọdún 2034, ibi tó ń dé yóò máa kéré sí i títí yóò fi di nǹkan bí dígírì 18.5. In Salah, tí òṣùpá dé òkè orí rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, kò ní rí i ní àríwá rárá nígbà náà. Yóò máa wo òṣùpá ní gúúsù nìkan bíi Paris. Ṣùgbọ́n dígírì 8 ni Ṣábẹ, 18.5 sì ju 8 lọ dáadáa. Nínú ọdún 2034 náà, lóṣooṣù, bí ọjọ́ 10 ni òṣùpá yóò fi gba àríwá ìlú náà kọjá.